Ìyàwó Inú Eré Màmá Mi

Ẹni ọgọ́rin ọdún ni màmá mi, síbẹ̀ kò tíì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, tí mo ń ròyìn oníbàárà tó bá mi jà, á gbé ọwọ́ sókè, á ní ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kò dáa. "Àrínọlá, padà síbi tó ti ń wọlé. Kí ló wọ̀? Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?" Kí n tó sọ ọ́ tán, inú tó ń bí mi á ti rọ̀, màmá mi á sì ti tún ìtàn náà tò débi pé oníbàárà ló máa jàre. Bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tó ń kọ eré gbélé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n yáa bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnìkan ti ń wọlé, kó má baà pè mí padà.

Afeefah ló wọlé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra ni, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ó ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àyẹ́sí fún àwọn tó kọ́kọ́ kọ eré àti fíìmù nílùú yìí. Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ló bá wa nílé ní Sabon Zongo. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó yọ fóònù, ó fi àwòrán ìwé ìpolówó àtijọ́ kan hàn wá. Obìnrin arẹwà kan wà níbẹ̀ tó fi ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń wo ọ̀nà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ Ọláṣẹ̀hìndé sí, ó tóbi ju orí obìnrin náà lọ.

"Mama, mepa wo kyɛw," ó fi èdè Twi tọrọ gáfárà, "àwọn bosses mi ní Baba Ọláṣẹ̀hìndé ló kọ play yìí. Wọ́n fẹ́ kọ name ẹ̀ sára àwo ìrántí. Mo gbọ́ pé Mama mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," màmá mi ní. "Kò lè kọ orúkọ ara ẹ̀ láì yọ ahọ́n síta."

Kì í ṣe pé ó ń bú òkú. Ọláṣẹ̀hìndé ló ni ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, tí wọ́n ń pè ní kọ́nsáàtì, tí àwọn Yorùbá Accra ní nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun ló ni gìtá, òun ló ni ọkọ̀ tó ń gbé wọn kiri, òun ló sì ń tẹ ìwé ìpolówó, kò sì sí ọ̀nà tí orúkọ ẹlòmíì fi lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi, Ìbídùn, ló kọ gbogbo eré tí wọ́n ṣe. Nígbà tí fídíò dé, òun náà ló kọ fíìmù méjì tí wọ́n fi kámẹ́rà àyálò yà. Ooru àti eku ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì tán. Mi ò mọ obìnrin Yorùbá mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Accra nígbà yẹn, àwọn tó sì mọ̀ pé ó ń ṣe é kò fẹ́ràn ẹ̀. Obìnrin ò gbọdọ̀ gun orí ìtàgé. Àwọn ọkùnrin ló ń múra bí obìnrin, bí gbogbo ẹgbẹ́ kọ́nsáàtì ilẹ̀ Ghana ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ni màmá mi ń jókòó sí, á máa sọ ọ̀rọ̀ sí ẹni tó bá gbàgbé létí. Ogún ọdún ló fi jókòó síbẹ̀. Ohun tí òǹwòran rí lára ẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ méjèèjì lọ.

Obìnrin arẹwà inú àwòrán yẹn wá ńkọ́? Fàtáì ni. Alàájì Fàtáì tí irùngbọ̀n ẹ̀ dé àyà báyìí, tó ń ta sípíkà ní Okaishie, tí wọ́n fẹ́ fi jẹ olórí àwọn Yorùbá àdúgbò wa. Nígbà yẹn, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò sì sí obìnrin kan ní gbogbo Zongo tó mọ ẹkún í sun tó o.

Afeefah ní àwọn ọ̀gá òun kò fẹ́ àríyànjiyàn. Tó bá jẹ́ Mama ló kọ eré náà, kí ó mú un wá. Kí oṣù tó parí, kí wọ́n ṣe é níwájú èèyàn, wọ́n á sì fi orúkọ ẹni tó mú eré wá sára àwo. Tí kò bá sí eré, orúkọ tó wà lórí ìwé ìpolówó ni wọ́n máa lò.

"Ẹ fún mi ní script, Mama."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Kò sí ìwé kankan. Nígbà tó bá kọ eré tán, á gé e sí wẹ́wẹ́, á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan, pẹ̀lú ìrù ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú ẹ̀, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó lanu. Odidi eré ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí màmá mi nìkan ló wà. Ó ní ẹni tó bá rí odidi á sá lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó fi eré náà pamọ́ fún olè débi pé òun fúnra ẹ̀ kò mọ ibi tó wà mọ́.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tí Afeefah lọ tán. Ó ní irọ́ ni, ó wà lórí òun digbí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ inú eré náà kú. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó jí, ó lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyàwó náà sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì bá màmá mi níbi tó jókòó sí, ojú ẹ̀ kún fún omi.

"Mi ò bẹ̀rù ikú, Àrínọlá," ó ní. "Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí n kú tán, kí wọ́n ní Ọláṣẹ̀hìndé ló kọ èmi náà."

Èmi kì í ṣe ẹni tí ọkàn ẹ̀ máa ń tètè rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ní, "Màmá, ta ló kù láyé nínú àwọn tí ẹ gé e fún?" Ó nu ojú. Ó ní Fàtáì nìkan ni.

Òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù korobá mi ni ṣọ́ọ̀bù Alàájì wà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń dán sípíkà wò fún oníbàárà, etí ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́ ni wàhálà ẹ̀. Kò mọ bí ohùn tirẹ̀ náà ṣe ń lọ sókè tó. Tí Alàájì bá ń sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, èmi tí mò ń ka korobá á dá a lóhùn.

"Àǹtí Ìbídùn, ẹ má dárúkọ ẹ̀ níbí," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tó rí wa. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá níta dúró.

"Mi ò tíì dárúkọ nǹkan kan, Fàtáì," màmá mi ní.

"Wọ́n fẹ́ wé láwàní fún mi. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo ti jẹ́ Wúràọlá rí?"

Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gbé ẹrù ẹ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó ń ná wáyà iná náà gbàgbé wáyà.

"Wọ́n á gbọ́ pé a rán ọ níṣẹ́, o sì ṣe é yanjú," màmá mi ní.

"Zuweira ò mọ̀, Àǹtí. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò jẹ́ kó mọ̀. Ẹ fojú inú wò ó, kí obìnrin gbọ́ pé ọkọ òun ti wọ gèlè ju òun lọ."

"Mi ò ní kí o gun orí ìtàgé. Mo ṣèlérí fún ọ, mi ò ní bẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ láé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí ọ lẹ́nu ni mo wá gbà padà."

Alàájì pa sípíkà tó ń ké. Ó wo ọ̀nà ọ̀tún, ó wo ọ̀nà òsì, kò sì rí gbogbo èrò tó ti pé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọrùn ẹ̀ rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán.

"Iṣu wo lo lọ rà ní Agbogbloshie, Lámìdì, tó fi gbà ọ́ ní ọdún méje? Ṣé o dúró kó hù ni?"

Àwọn obìnrin tó ń ra wáyà bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi di ọwọ́ mi mú, ó fún un pinpin. "Èmi ni mo kọ ìyẹn," ó ní.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi la ti ń kọ́ eré náà, láàárín korobá àti abọ́ oníke. Eré náà kò le. Lámìdì lọ ra iṣu, ó sá lọ. Wúràọlá ìyàwó ẹ̀ ṣiṣẹ́, ó kọ́ ilé. Lọ́dún keje Lámìdì padà dé láì mú iṣu lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún olórí ilé. Wúràọlá wá bi í ní ìbéèrè kan níwájú gbogbo àdúgbò: "Ta ló ni ilé yìí?" Yóò bi í títí ọkùnrin náà á fi dáhùn pé, "Ìwọ ni." Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ Wúràọlá pátá ni Alàájì mọ̀. Kò yẹ ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́. Ti Lámìdì ló nira, torí ìrù ọ̀rọ̀ Lámìdì nìkan ló mọ̀, kò mọ orí ẹ̀. Màmá mi ló ń wá orí sí i. Afeefah mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tó máa ṣe Lámìdì, màmá mi sì ń pa ọ̀rọ̀ ọmọ náà dà lójoojúmọ́, títí ó fi wọ ọkọ̀ trótrò lọ tí kò padà wá. Màmá mi ní kí wọ́n fi sílẹ̀, òun máa ṣe Lámìdì fúnra òun.

"Màmá, ẹ̀yin?" mo ní.

"Wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ ṣe obìnrin. Wọn ò sọ pé kó má ṣe ọkùnrin."

Fún Wúràọlá, Afeefah mú Raqeebah wá, ọmọ tó lẹ́wà, tó ti ṣe fíìmù bíi mẹ́ta. Alàájì ló ń kọ́ ọ, ojú Alàájì sì le ju ti olùkọ́ kéwú lọ.

"Má jókòó báyẹn. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ sá lọ kì í fi ẹ̀yìn ti àga."

"Alàájì, obìnrin ni mí," Raqeebah ní.

"Mo mọ̀. Ìyẹn nìkan ò tíì tó."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pòṣé, bí wọ́n ṣe ń tún ìró ró tí inú bá ń bí wọn, bí wọ́n ṣe ń bu omi fún ọkọ láì wo ojú ẹ̀. Èmi tí mo ti lọ́kọ láti ọjọ́ pípẹ́, mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn korobá, mo ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Raqeebah kò lè mú un mọ́ra. Nígbà tí ó ku ọ̀la tí a máa ṣe eré, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Afeefah lórí fóònù pé látìgbà tí wọ́n ti bí òun ni òun ti jẹ́ obìnrin, òun ò sì ní gbà kí Alàájì onírùngbọ̀n máa sọ fún òun pé òun ò tíì ṣe é dáa. Ó ti padà sí Kumasi.

Mo sáré lọ bá Alàájì. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, mo gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Ó ní rárá. Ó ní Zuweira máa jókòó ti òun níwájú gan-an, àwọn àgbààgbà tó fẹ́ wé láwàní fún òun náà máa wà níbẹ̀. Inú bí mi, mo padà sílé, mo ní kí màmá mi fúnra ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

"Mo ti ṣèlérí fún un," ó ní. "Bá mi wá fìlà bàbá rẹ."

Gbọ̀ngàn náà kún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Alàájì wà ní ìlà iwájú nínú agbádá funfun, ó ń làágùn. Zuweira ìyàwó ẹ̀, obìnrin Zongo tí ara ẹ̀ balẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀gá Afeefah wà lápá kejì. Àwo ìrántí náà wà lórí tábìlì wọn, ibi orúkọ ṣì ṣófo, ẹni tó máa fín in sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ ẹ̀.

Màmá mi jáde. Bùbá àti ṣòkòtò bàbá mi ló wọ̀, ó fi tìróò ya irun sókè ètè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó rìn yí ìtàgé ká bí ọkùnrin tó jẹ̀bi, tí kò sì fẹ́ gbà. Ó dúró.

"Wúràọlá," ó pè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó tẹ̀ sí Afeefah létí, mo sì rí Afeefah tó ń mi orí, tó ń bẹ̀ ẹ́. Mo ń bínú sí Raqeebah, sí Ọláṣẹ̀hìndé nínú sàréè, sí gbogbo ẹni tó ní irùngbọ̀n.

"Wúràọlá," màmá mi ní, "mo ti darúgbó. Má jẹ́ kí n pè ọ́ tó báyìí."

Ìyẹn ò sí nínú eré.

Zuweira gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ ẹ̀. "Alàájì," ó ní, "wọ́n ń pè yín."

"Ta ni wọ́n ń pè?" Alàájì bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìlà tó wà lẹ́yìn pátápátá sì gbọ́. "Ṣé Wúràọlá kọ́ ni wọ́n ní?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ ni? Ẹ̀pà ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà kọ́nsáàtì yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò sí ọjọ́ tí mi ò yọjú wò yín. Ta lẹ rò pé mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bínú sí ọkọ lọ́wọ́ ẹ̀?" Ó yọ ìborùn ara ẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ dìde, ìyá àgbà ń dúró."

Alàájì wò ó. Ó wo àwọn àgbààgbà. Àwọn yẹn ń wo ilẹ̀, èjìká wọn sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ó bọ́ agbádá, ó so ìborùn mọ́ ìbàdí, ó sì gun orí ìtàgé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Alàájì ló gun àkọ́kọ́, Wúràọlá ló gun èyí tó kù.

Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí màmá mi. Ìrù ọ̀rọ̀ Lámìdì ló ń dúró dè. Màmá mi ní, "Mo ti dé o." Kò mira. Ó ní, "Mo ti Agbogbloshie dé." Kò mira. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi dídé tó wà láyé, àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ di ikùn mú, kó tó wá rántí: "Mo ti dé, ebi sì ń pa mí." Alàájì bá yí padà wìì, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó bi í nípa iṣu.

Mi ò lè sọ bí eré náà ṣe dùn tó. Ẹ wo bàbá onírùngbọ̀n tó ń sunkún nítorí ọkọ, ẹ wo ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń halẹ̀ mọ́ ọn pé òun ni olórí ilé. Àwọn obìnrin gbọ̀ngàn ń dá Lámìdì lóhùn láti orí àga wọn. Zuweira ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú Alàájì lábẹ́nu, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò jẹ ẹ́ mọ́.

Wọ́n dé ìparí. Alàájì na ìka sí màmá mi. Mo ti mọ ìbéèrè náà lórí, torí mo ti gbọ́ ọ láàárín korobá títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n ó dúró. Ó wo tábìlì àwọn ọ̀gá, ó wo àwo tó ṣófo lórí ẹ̀. Ó padà wo màmá mi. Ẹni tí kò yẹ ọ̀rọ̀ kan rí láti ìgbà èwe ẹ̀ lanu, ó ní:

"Ta ló ni eré yìí?"

Màmá mi lanu láti dáhùn, ó sì pa á dé. Mo mọ ohun tó dé bá a. "Ìwọ ni" ni ìdáhùn tó wà nínú eré. Tó bá sọ ọ́, ó ti fi eré ẹ̀ tọrẹ nìyẹn. Tí kò bá sọ ọ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lórí ẹ̀. Ó dúró sójú kan, fìlà bàbá mi ti ṣẹ́ sẹ́yìn. Ó wo ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé bí ẹni pé ẹnìkan á sọ ọ́ sí òun létí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun ló máa ń wà níbẹ̀.

Alàájì sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kí òǹwòran má baà rí i, ó sì sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀, tí àwọn tó ń ta ìrẹsì ẹlẹ́wà wáakyé níta náà gbọ́:

"Àǹtí, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni," màmá mi ní. "Èmi Ìbídùn ni."

Ẹni tó ń fín àwo bi Afeefah bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, Afeefah sì ń pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alàájì tẹríba bí obìnrin, ó lọ jókòó ti ìyàwó ẹ̀, Zuweira sì bu ẹ̀pà fún un. Màmá mi nìkan ló kù lórí ìtàgé. Ogún ọdún ló fi ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn aṣọ, kò sì tíì rí ojú tí ẹ̀rín náà ti ń jáde rí. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà dé ìlà. Mo lọ sísàlẹ̀ ìtàgé, mo ní, "Màmá, eré ti parí, ẹ máa bọ̀."

Ó ní kí n dákẹ́, òun ò tíì wò wọ́n tán.